Ọta Kan fún Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́

Bàbá mi, Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́kúnmi, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọdẹ bá pín ẹran tán ní ẹ̀yìnkùlé wa, ni ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá jókòó. Nígbà náà n kò mọ ìwé rárá. Mo ti bí ọmọ márùn-ún kí n tó lọ jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, nígbà tí mo sì wá mọ̀ ọ́n kọ, èyí ni mo rò pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé sórí ìwé, nítorí àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi ti ń tán lọ. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́. Níbi tí ó ti fọ́nnu, mo jẹ́ kí ó fọ́nnu. Ó ní:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ mọ̀ mí kí ojú mi tó di ojú àgbà. Èmi ni mo tọ ipasẹ̀ túùkú kan fún ọjọ́ mẹ́ta, títí túùkú náà fi jókòó sídìí igi tí ó ń wò mí bí ẹni pé kí n kúkú pa òun kí àwa méjèèjì sinmi. Èmi ni mo bá erè pàdé lórí ẹ̀ka igi kan ṣoṣo, tí mo sọ fún un pé kí ó sún díẹ̀, tí ó sì sún. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ; èmi kò ro wọ́n rí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń jẹ ẹran ní ilé mi. Ṣùgbọ́n ẹran kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìbọn kan ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí ó bá sì ń retí pé yóò dára ní ìparí, kí ó tètè dìde lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ìbọn náà kì í ṣe ṣakabùlà. Ṣakabùlà, ọmọ alágbẹ̀dẹ wa ni. Ẹ ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ ó kì í, ẹ ó da òjé lé e, nígbà tí ó bá sì sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó tí ó dití nílé yóò mọ̀ pé ọdẹ wà nínú igbó. Èyí yàtọ̀. Òyìnbó kan tí ó ń wọn ilẹ̀ kiri ni ó gbé e wá nígbà ayé àwọn bàbá wa, nígbà tí ó sì ń lọ, ó fi í sílẹ̀ fún Làmídì tí ó ń se oúnjẹ fún un. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kò gba ìka ọmọ ọwọ́, igi ìdí rẹ̀ sì pupa bí epo tuntun. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́gbàmí, fi ru ẹran gbígbẹ lọ sí ilé Làmídì kí ó tó fún wa. Lọ́jọ́ tí ó gbé e lé wa lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ti fẹ́ arẹwà, ṣùgbọ́n kò ní bímọ fún yín o." A rò pé ẹran ni ó sú u láti jẹ, a rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ìbọn náà ní Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́, nítorí bí ó bá ró, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, ẹran a sì ti ṣubú.

Kò pẹ́ tí a fi mọ ohun tí Làmídì ń wí. Ọta ìbọn yìí ní ìkarahun idẹ tí kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Inú ìkarahun yẹn ni ẹ̀tù ń gbé; òjé wà ní ẹnu rẹ̀; ẹyọ bàbà kékeré kan tí ó dà bí ojú ẹyẹ wà ní ìdí rẹ̀, òun ni ìbọn ń gbá tí iná fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù. Mọ́kànlá ni Làmídì fún wa. Nígbà tí wọ́n tán, a gbé ìkarahun kan lọ bá ẹni tí ó ń ta ọta ní ìlú ńlá. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹni tí ó ń ṣe èyí ti kú, ọmọ rẹ̀ tí ó jogún ilé iṣẹ́ sì ti ń fi irin rẹ̀ ṣe ìṣó." Nítorí náà, a kò jẹ́ sọ ìkarahun nù. Ẹ̀gbọ́n mi ń yìn ín, èmi ń tún un kún. Ojú mi mú, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, kò sì sí ọdẹ mìíràn ní gbogbo agbègbè yìí tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n idẹ tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò lè pẹ́. Ọ̀kan sán, òmíràn là, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹyọ kan náà ni ó wà nínú ìbọn lọ́jọ́ tí ẹfọ̀n yọ sí ẹ̀gbọ́n mi nínú Igbó Aláìdáhùn. Ó yìn ín, ó bà á, kò pa á. Ẹni tí ó ní ìkarahun kan kò ní ọ̀rọ̀ kejì láti sọ. Lábẹ́ igi ayùnrẹ́ ni a ti bá òkú ẹ̀gbọ́n mi, ìkarahun òfìfo náà sì wà nínú ikùn ìbọn síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ mọ ohun tí ó kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn obìnrin àti ọmọdé. Bí ọdẹ bá kú, ìsìnkú nìkan kò tó o. A ní láti ṣí ìpà rẹ̀. A ó kó àpò rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó gbé wọn lọ sí oríta inú igbó, a ó sì wí fún un pé, "Ọdẹ ti parí. Gba ohun èlò rẹ, máa lọ bá àwọn tí ó ṣáájú." Bí ohun kan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn, kò ní lọ. Ọmọ ọdẹ ni mí, mo mọ èyí kí n tó mọ ọ̀nà odò. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọ̀la tí a ó ṣí ìpà Ọdẹ́gbàmí, mo wo Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ lára ògiri, ọkàn mi kò gbà pé kí òjò máa pa á ní oríta. Mo wá ṣakabùlà kan tí ìdí rẹ̀ ti ṣẹ́, mo tì í sínú agbọ̀n, mo sì fi ẹ̀wù bò ó mọ́lẹ̀. Olúọ́dẹ bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Níran, ṣé ìbọn rẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Òun ni, bàbá."

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún. Tèmi kò rìn tó oṣù méjì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìyàwó kan sílẹ̀, Mopélọ́lá, àti ọmọbìnrin kan, Ìyùnadé, tí kò tíì pààrọ̀ eyín. Ìyùnadé bẹ̀rẹ̀ sí rù. Kò jẹun, kò mu omi, ara rẹ̀ gbóná lówùúrọ̀, ó tutù lọ́sàn-án. Mopélọ́lá, tí ó máa ń pè mí ní ọkọ mi bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, wá bá mi níbi tí mo ti ń nu ìbọn.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ."

Mo tẹ̀lé e. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá mi dúró síbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo."

Ìyá rẹ̀ wò mí. "Ọkọ mi, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo túmọ̀ sí?"

Mo ní ibà ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Ìyẹn ni irọ́ kejì. Inú mi ti sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ń pe ọmọ rẹ̀ lọ nítorí ìbọn tí mo fi pamọ́. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ní ọjọ́ kejì, mo ti gbé Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ kọ́ èjìká, mo ti dorí kọ Igbó Aláìdáhùn.

Ní ẹnu ibodè igbó náà, obìnrin kan jókòó sójú ọ̀nà. Kò ga ju àpótí ìdáná lọ, ewé tútù ni ó hù ní orí rẹ̀ dípò irun, ó sì fi ẹyọ bàbà kékeré kan ṣe yẹtí sí etí òsì. Mo mọ bàbà yẹn: irú èyí tí ó ń wà ní ìdí ọta ni. Èmi tí mo ti ń wá irú rẹ̀ ní gbogbo ọjà.

Ó ní, "Ọdẹ, kí ni o gbé?"

"Ìbọn ni, ìyá."

"Ó kún ni àbí ó ṣófo?"

"Ó ṣófo, ìyá. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fẹ́ gbé e lọ fún un ní oríta."

"Igi ni o gbé nígbà náà. Ǹjẹ́ igi wọ́n wa níhìn-ín? Wò yíká. Ọkùnrin yẹn ò bèèrè igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọta kan ni ó ń bèèrè. Gbọ́ mi. Mo ní ilé kan tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan. Àlejò méjì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlàáfíà. Nígbà tí wọn yóò jáde, ọ̀kan di èéfín, èkejì di ọ̀fọ̀. Kí ni orúkọ ilé mi?"

Mo ní, "Ìkarahun ọta ni. Ẹ̀tù ni ó di èéfín, òjé ni ó di ọ̀fọ̀."

"Ta ni ó kọ́ ọ?"

"Èmi ni mo máa ń kún un, ìyá."

"Ẹ wò ó," ó sọ fún ewé orí ara rẹ̀, "ó mọ bí a ṣe ń kún ohun òfìfo, kò mọ bí a ṣe ń dá ohun olóhun padà." Ó tú yẹtí náà, ó jù ú sí mi. Ó ní kí n lọ bá Olójé ní àfonífojì, kí n lọ bá àwọn Ẹlẹ́ẹ̀tù lábẹ́ àpáta, kí n sì dé oríta kí oòrùn tó wọ̀.

Olójé ni mo kọ́kọ́ bá. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ìwúwo rẹ̀ sì ti rì í sínú ilẹ̀ dé ìbàdí. Mo kí i pé, "Ẹ kú ìdúró o." Ó ní, "Ta ni ó dúró? Mo ń rì. Láti ayé bàbá bàbá rẹ ni mo ti ń rì, n kò sì tíì dé ibìkan." Mo bẹ̀ ẹ́ fún òjé tí kò ju orí ìka lọ. Ó ní òun yóò fún mi bí mo bá lè fún òun ní ìrìn mi, ìrìn ọdẹ, tí ewé gbígbẹ kì í gbọ́. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ ohun tí ó ń bèèrè. Ojú lè bàjẹ́ kí ọdẹ ṣì jẹ́ ọdẹ. Ọwọ́ lè gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ẹran ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di àgbẹ̀ tí ó ń gbé ìbọn kiri. Mo rántí ojú ọmọ yẹn lórí ẹní, mo ní kí ó gbà á. Ó fi eyín já èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ kúrò nínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n gbé jáde nínú omi. Èmi ṣí ẹsẹ̀ kan, igi ró wàá lábẹ́ mi. Ẹ ti bi mí rí pé kí ló dé tí ewúrẹ́ ilé yìí fi máa ń sá kí n tó yọ sí ojúde. Láti ọjọ́ náà ni.

Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹlẹ́ẹ̀tù lọ́sàn-án gangan. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n dúdú bí èédú, oníkálukú jókòó jìnnà sí èkejì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n inú wọn ní, "Rọra, bàbá. Ọ̀rọ̀ gbígbóná kì í wọ ilé wa, ẹ̀rín kì í sì í wọ̀ ọ́." Mo sọ ohun tí mo fẹ́. Ó ní, "A kò ta ẹ̀tù, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Fún wa ní òtítọ́ kan tí o kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè."

Òtítọ́ mélòó ni mo ní? Mo sọ fún wọn nípa ìbọn tí ìdí rẹ̀ ti ṣẹ́, bí mo ṣe fi ẹ̀wù bò ó, ohun tí Olúọ́dẹ bi mí àti ohun tí mo dá a lóhùn. Àbúrò wọn pátápátá ní, "Ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé òkú náà ń gbé ìbọn tí kò ní ìdí kiri nínú igbó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Má ṣe é, àbúrò, ro ti ilé." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a ti fi ogójì ọdún dì mọ́ra ni. Mo rí i tí iná ṣẹ́jú láàrin eyín rẹ̀. Mo gbá karawun ìgbín kan tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn mú, mo fò jáde, àpáta sì là lẹ́yìn mi pẹ̀lú ariwo tí ó gbé mi sọ sínú pàǹtí. Ẹ wo ẹ̀yìn orí mi, irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Èmi ti rí ibi tí ìbọn ti wá, n kò sì fẹ́ padà síbẹ̀.

Mo wá òkúta pẹlẹbẹ kan, mo jókòó. Mo kọ́kọ́ yọ́ èékánná Olójé lórí iná, níbi tí ó jìnnà sí ẹ̀tù, mo dà á sínú amọ̀ ọ̀gán tí mo ti fi ẹnu ìkarahun tí mo yọ nínú ìbọn tẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó tutù. Mo yọ bàbà àtijọ́ kúrò ní ìdí ìkarahun, mo fi yẹtí obìnrin yẹn sí ipò rẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo da ẹ̀tù sí i. Ẹ̀yin oníṣakabùlà, ìka ni ẹ fi ń wọn ẹ̀tù, bí ẹran bá sì tóbi, ẹ ó fi ìka kan lé e. Èyí kò gba ìyẹn. Bí ó bá kéré, ọta kò ní dé. Bí ó bá pọ̀, ẹni tí ó di ìbọn mú ni yóò pa. Mo wọ̀n ọ́n bí ìyá ṣe ń wọn àgbo fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo fi òjé dé e lẹ́nu, mo fi aṣọ nù ún. N kò kún ọta tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo tì í sínú Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́, mo gbọ́ bí ó ṣe jókòó, mo sì ń lọ. Oòrùn ṣì wà lókè.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.

Oríta kù díẹ̀. Mo ti ń rí igi ayùnrẹ́ náà. Ìgbà náà ni àgbọ̀nrín kan jáde láti apá ọ̀tún, ó gun orí ọ̀gán, ó dúró. Kò sá fún ariwo ẹsẹ̀ mi. Funfun ara rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹfun kùn ún, ó sì fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi. Àwọn bàbá wa kọ́ wa pé ìbọn tí ó kún kì í kọjá ẹran tí ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn án. Ẹ̀bùn ni, ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, igbó yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n ti ń fi ìyẹn bọ́ mi. Ẹ̀yin ará, n kò ronú. Bí mo bá sọ pé mo ronú, mo pa irọ́ kẹta. Èjìká mi ni ó gbé ìbọn, ojú mi ni ó wá ibi ọkàn ẹran, ìka mi sì ti fa apátí kí orí mi tó gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ́. Àgbọ̀nrín náà ṣubú. Mo sáré débẹ̀, mo bá òkìtì ewé gbígbẹ kan àti ihò kékeré kan láàrin rẹ̀.

Mo jókòó sórí ọ̀gán náà títí ẹ̀gbọ́n mi fi wá bá mi. Ó wọ ẹ̀wù tí a fi ṣí ìpà rẹ̀. Ó mú ìbọn lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó gbé ìkarahun náà sí imú.

Ó ní, "Níran, ó ṣì gbóná."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ gba ìbọn yín, ẹ má pe ọmọ náà mọ́."

"Ta ni ó ń pè é?" Kò gbé ohùn sókè. "Ẹfọ̀n yẹn ni. Mo ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ta tèmi sílẹ̀, ó ní kò tíì tó. Ojoojúmọ́ ni ó ń wá sí ẹnu ọ̀nà ilé mi láti gba ìyókù. Èmi ni mo ń dúró níbẹ̀ tí mo ń fi ọwọ́ lásán dá a dúró. Lónìí ọwọ́ lásán kò lè dá a dúró mọ́."

Mo na ọwọ́ sí ìkarahun náà pé n ó tún un kún, pé n ó tún lọ bẹ̀ wọ́n. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ẹ̀gbẹ́ idẹ náà. Ó ti là láti ẹnu dé ìdí. Ó ní, "Ẹran dára?"

Mo ní, "Ewé ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá tàsé ẹran pa pọ̀. Ó gbé Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ òfìfo náà kọ́ èjìká, ó dorí kọ ọ̀nà ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wẹ̀yìn wò mí kí igi tó bò ó. Mo ń sáré tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ mi ń fọ́ igbó, n kò bá a.

Nígbà tí mo dé ilé, àwọn obìnrin ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún Ìyùnadé. Mo bá ìdí Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ náà, ó ti ṣẹ́ sí méjì, irun ẹfọ̀n sì wà lára igi pupa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìdí ìbọn jà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, mo pe Mopélọ́lá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò sunkún, kò bú mi. Ó wọlé, ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì jáde síwájú mi. Ó ní, "Ọdẹ́níran."

Ẹ̀yin ará, ìyàwó ilé wa kan kò pe orúkọ mi rí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé n kò ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n mọ́.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, ọmọ mi sọ fún ọ pé ọwọ́ bàbá òun ṣófo."

Ó bọ́ sọ́nà. Mo tẹ̀lé e dé ìdí òrombó ẹ̀yìn ilé, mo tẹ̀lé e kọjá odò. Ẹsẹ̀ mi ń ró wàá wàá lórí ewé gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí bí kò ṣe ní mọ̀ pé èmi ni. Ó ń lọ, ẹrù rẹ̀ kò mì lórí, ọrùn rẹ̀ kò yí, títí ọ̀nà fi tẹ̀ tí igbó sì gbà á lójú mi.